Búrẹ́dì Ẹyọ Kan

Àwọn obìnrin tó lọ pọnmi ní odò Ọ̀fìkì ló rí òkú Táyé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti la nǹkan mọ́ ọn lẹ́yìn orí. Ọjọ́ kejì ló yẹ kó lọ sí Ìbàdàn, kí àwọn aláṣẹ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún sikọ́láṣíìpù ìjọba. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ mú ní gbogbo Ìbàràpá lọ́dún 1971 yẹn, Táyé ló sì gbapò kìn-ín-ní.

Inspẹ́kítọ̀ Adérógbà ní kí wọ́n má tíì túfọ̀. Ó lọ sílé ìbejì n'Ígbó-Ọrà, ojú rẹ̀ le koko, torí kò síṣẹ́ tó kórìíra tó èyí. Ó rí iṣu méjì lẹ́bàá ògiri, ó sì rí ìdajì búrẹ́dì lábẹ́ àwo.

"Ta ló ni búrẹ́dì yìí, Ìyá Ìbejì?"

"Ti Táyé ni," Hàlímọ̀ dáhùn. "Kílẹ̀ tó mọ́ ni Tíṣà Japheth gbé e wá fún Kẹ́hìndé. Méjì ló máa ń gbé wá, ẹyọ kan ló gbé wá lónìí. Mo bá gé e sí méjì. Àmọ́ Táyé ò tíì wọlé láti àná. Ṣé kò sí o?"

Inspẹ́kítọ̀ ò lè wò ó lójú. Ó béèrè ẹni tó ni iṣu. Wọ́n ní Wàhábì ni, àbúrò bàbá wọn, tó bá Táyé jà lánàá. Ó wá a lọ sóko.

"Mo bá a jà," Wàhábì wí. "Ta ni yóò máa roko bí gbogbo wọn bá di akọ̀wé? Ṣùgbọ́n bá a bá fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Mo gbé iṣu lọ fún wọn láàárọ̀ yìí, kí Táyé rí tiẹ̀ gbé lọ sí Ìbàdàn."

Inspẹ́kítọ̀ yà lọ́dọ̀ Búrẹ́mọ̀ oníbúrẹ́dì, lẹ́yìn náà ló gba ilé ìwé lọ. Japheth yìí ló bá gbogbo ọmọ kọ fọ́ọ̀mù ìjọba. Ọmọ tiẹ̀, Ọmọ́ṣọlá, ló gbapò kejì.

"Tíṣà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé búrẹ́dì kan lọ sílé ìbejì?"

"Owó ọwọ́ mi ni ò tó."

"Búrẹ́mọ̀ ní méjì lòun dì fún yín, ẹ ti sanwó, kẹ́ ẹ tó dá ọ̀kan padà."

"A kì í fún ọ̀kan nínú ìbejì ká yọ èkejì sílẹ̀ nílùú yìí," Inspẹ́kítọ̀ wí. "Wàhábì tó ń bínú gbé iṣu méjì wá, torí ó mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ẹ̀yin gbé búrẹ́dì kan. Kò sì tíì sẹ́ni tó rí òkú nígbà yẹn. Ta ló sọ fún yín pé ó ti ku ẹnì kan ṣoṣo?"

Japheth fi ọwọ́ bojú.

"Wọ́n ní bí ẹni àkọ́kọ́ ò bá yọjú, àwọn á pe èkejì. N ò lówó tí mo lè fi rán Ọmọ́ṣọlá ní yunifásítì. Mo ní kí Táyé jẹ́ ká jọ rìn lọ sódò, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Kẹ́hìndé ni mo lọ wò láàárọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbìyànjú, ọwọ́ mi ò gbé ìpín òkú."

Nígbà tí wọ́n pe Ọmọ́ṣọlá, ó kọ̀, kò lọ sí Ìbàdàn. Ìbàràpá ò rẹ́nì kankan rán lọ lọ́dún náà.

Lọ́jọ́ tí Japheth jẹ́wọ́ náà ni Inspẹ́kítọ̀ padà sọ́dọ̀ Hàlímọ̀. Kò pe ikú, torí a kì í pè é fún ìbejì. Ó ní Táyé ti rìnrìn àjò. Igbe tí obìnrin náà ké mú gbogbo àdúgbò jáde. Nígbà tó yá, ẹnì kan fẹ́ palẹ̀ tábìlì mọ́, Hàlímọ̀ sì di àwo náà mú.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó wí. "Ti Táyé ni."