Ẹ̀yìn Káàdì Halina

Ìbéèrè ni Halina fi kí Irewọlé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn. Kò ní ẹ káàárọ̀, kò ní báwo ni. Ó kàn na ìka sí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ìyá arúgbó kan fi ń rìn, ó ní, "Kí ni wọ́n ń pe eléyìí?"

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Peckham ni. Irewọlé ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn jáde. Halina ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Poland, ilẹ̀ ló ń nù níbẹ̀. Irewọlé sọ orúkọ irin náà fún un. Obìnrin náà fa káàdì funfun kékeré kan yọ lápò, ó kọ Gẹ̀ẹ́sì síwájú rẹ̀, ó yí i padà, ó kọ èdè tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Ọ̀kan nìyẹn," ló wí. "Ó ku mẹ́rin."

Ọ̀rọ̀ márùn-ún lóòjọ́, òfin tó ṣe fún ara rẹ̀ nìyẹn, kì í sì í fi ṣeré. Òtútù ni o, oòrùn ni o, bí Irewọlé bá ti ń gbọn ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni Halina ti dúró dè é pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Báàkẹ́ẹ̀tì. Ìrọ̀rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá ka márùn-ún tán, wọ́n á mu tíì. Nígbà tó yá, tíì náà kò tó wọn mọ́, wọ́n á tún rìn dé Peckham Rye lọ jókòó.

Kí n má parọ́ fún yín, èmi ò mọ ọjọ́ tó di ìfẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ọdún kejì tó pé, Halina ti kúrò nídìí ilẹ̀ nínù, àwọn arúgbó fúnra wọn ló ń tọ́jú, ó ti ń bá dókítà jiyàn. Irewọlé sì ti ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kan Halina ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Jẹ́ n kọ́ ẹ ní ọ̀kan péré nínú tèmi."

Irewọlé rẹ́rìn-ín. "Àbẹ̀kẹ́ mi, Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbé wá láti Abẹ́òkúta gan-an, wọn ò tíì gbọ́ ọ tán níbí. Jẹ́ n sinmi."

Obìnrin náà kò bi í mọ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi fẹ́ra, Irewọlé kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe omi lédè ẹni tó lóun fẹ́ràn bí ojú. Ẹ lè pe ìyẹn ní ohun tó bá wù yín. Ọ̀lẹ ni èmi ń pè é.

Wàhálà tiwọn ni Mama Magdalene, ìyá Irewọlé. Aláṣọ funfun ni wọ́n, àgbà ni wọ́n nínú ìjọ, gbogbo Peckham ló ń pè wọ́n ní Mummy. Wọn ò bú Halina rí. Wọn ò sì gbà á.

"Irewọlé, lọ́jọ́ tí inú bá bí yín, èdè ta lẹ máa fi jà?" Ohun tí wọ́n máa ń bi í nìyẹn. "Bí ara rẹ ò bá yá, ta ló máa gbọ́ ìráhùn rẹ?"

Irewọlé bẹ Halina pé kí àwọn ní sùúrù díẹ̀ kí àwọn tó lọ ṣègbéyàwó ní registry, kí inú ìyá òun rọ̀. Ọdún kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Halina á ní òun gbọ́, á tún mú káàdì rẹ̀.

Ọjọ́ Tuesday kan ni rọpárọsẹ̀ gbé Halina ṣubú ní Surrey Quays, pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́. Irewọlé ń gbé ìyá rẹ̀ bọ̀ láti ìsìn nígbà tí ìpè wọlé, bí wọ́n ṣe jọ dé ọsibítù nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Stockwell ni, Yusrah lorúkọ rẹ̀. Ó mú ìwé dání. "Uncle, sorry, kí lẹ jẹ́ sí patient yìí?"

Irewọlé wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó.

"A jọ ń ṣiṣẹ́ ni," ló wí.

Yusrah kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mèéjẹ. Látọjọ́ náà, kò sí dókítà tó tún bá Irewọlé sọ nǹkan kan tó nítumọ̀. Leszek, ẹ̀gbọ́n Halina, ni wọ́n pè ní Poland.

Lọ́jọ́ kẹta, Halina lajú, ó sọ̀rọ̀. Inú Irewọlé dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó yé e pé òun ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tó ń sọ. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, èmi ni." Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Halina ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pa ohùn rẹ̀.

Yusrah ló ṣàánú rẹ̀, tó ṣàlàyé fún un. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì Halina ń gbé nínú ọpọlọ ni àìsàn náà bà jẹ́. Èdè ìyá rẹ̀ ló kù. Gẹ̀ẹ́sì náà lè padà, ó sì lè lọ gbére.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, kò padà. Apá ọ̀tún rẹ̀ náà kò padà. Leszek wa mọ́tò wá láti Poland. Kò burú léèyàn, ó bọ Irewọlé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, ìyẹn Sátidé àti ilé. Òun ló ni àbúrò rẹ̀. Sátidé ló máa gbé e lọ.

Ọjọ́ Monday ni Irewọlé gbọ́ èyí. Orí rẹ̀ dàrú. Ó sáré lọ sí yàrá Halina ní Forest Hill, kò mọ ohun tó ń wá. Páálí bàtà mẹ́ta ló bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, káàdì ló kún wọn. Ó jókòó sílẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó yí i padà. Ó mú òmíràn, ó yí i padà. Gbogbo ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọ, òdìkejì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà.

Ó gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àwọn ará Poland kan ní Stockwell. Ó bẹ ìyá tó ń tajà níbẹ̀ pé kó bá òun kà wọ́n sínú fóònù. Ìyá náà ní òun ní oníbàárà. Irewọlé dọ̀bálẹ̀ fún un sáàárín búrẹ́dì àti ẹja inú ìgò. Ni ìyá náà bá kà á.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń gbọ́ ọ bó ṣe ń wa bọ́ọ̀sì. Ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á ni pé kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan nínú páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Báàkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀, bọ́ọ̀sì, ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀rọ̀ dídùn ni Halina kò kọ sílẹ̀ rí, torí ẹnu Irewọlé ló ti gbà wọ́n sórí. Orí náà ló sì bàjẹ́ yìí. Irewọlé sunkún títí iná ojú ọ̀nà fi yí padà lẹ́ẹ̀mejì, tí àwọn ẹni ẹ̀yìn ń fun fèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ Friday, gbogbo wọn pé yí bẹ́ẹ̀dì Halina ká. Leszek wà níbẹ̀, Mama Magdalene náà wá. Yusrah gbé fóònù dání, ògbufọ̀ kan wà lórí rẹ̀. Òfin ni kí wọ́n bi aláìsàn fúnra rẹ̀: ṣé ó fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, àbí ó fẹ́ dúró ní London?

Halina sọ̀rọ̀ pẹ́. Kò wo Irewọlé.

Ògbufọ̀ ní, "Ó ní òun máa lọ. Ó ní òun ti wẹ aláìsàn fún ọdún púpọ̀, òun mọ bí ojú àwọn ọkọ tó ń jókòó tì wọ́n ṣe máa ń yí padà. Òun ò fẹ́ rí i lójú ọkùnrin yìí. Ó ní kó lọ fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ fẹ́."

Irewọlé di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ló sọ," ni Mama Magdalene wí, ohùn wọn sì rọ̀. "Jẹ́ kó máa lọ ní àlàáfíà, ọmọ mi."

Irewọlé yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Yusrah, jọ̀ọ́, ohun tó o kọ lọ́jọ́ yẹn, pa á rẹ́. Irọ́ ni mo pa. Ìyàwó mi ni."

"Uncle, mo lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti dáhùn. Ó ní òun ń lọ."

"Mo gbọ́. Ẹnì kankan ò tíì bi èmi níbi tí mò ń lọ."

Ìyá rẹ̀ dìde. "Ibo lò ń lọ?"

"Ibi tó bá ń lọ, Màmá. Páspọ́ọ̀tì mi gbà mí láyè oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Tó bá pé, màá padà wá ṣiṣẹ́, màá tún lọ."

"Ta lo mọ̀ níbẹ̀? Èdè wo lo fẹ́ fi ra iyọ̀?"

"Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó dé Peckham, Màmá. Ó ra iyọ̀."

"Èmi tí mo bí ẹ ńkọ́?"

Irewọlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ọsibítù. "Ẹ má bínú, Màmá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe tiyín, ẹ wo ibi tó gbé mi dé."

Mama Magdalene kò ní kó dìde. Wọ́n mú àpò wọn, wọ́n jáde, wọn ò wẹ̀yìn.

Ògbufọ̀ bèèrè lórí fóònù bóyá kí òun sọ gbogbo ìyẹn fún aláìsàn. Irewọlé ní rárá, kó jẹ́ kí òun gbìyànjú.

Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kéèyàn wọ mọ́tò rìnrìn àjò ló rí nínú páálí, òun ló há sórí. Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó nàka sí Halina, ó sọ ọ́: "Jechać." Kò dùn ún gbọ́ rárá. Leszek tẹríba.

Halina mi orí pé rárá. Irewọlé tún un sọ. Omi bọ́ lójú obìnrin náà, ó tún mi orí. Irewọlé sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Halina dijú pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó di àgbọ̀n Irewọlé mú, ó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí ètè rẹ̀ fi sú jáde. Ó pe ọ̀rọ̀ náà fún un díẹ̀díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí lẹ́nu. Kò jọ̀wọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ó ń dúró kó tún un pè.