Ìyẹ́ Bàálù àti Ìka Aránṣọ

Orí igi ni Aláriwo wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin aránṣọ kan. Bàálù kékeré tó ń fi rìmóòtù darí ti há sórí ẹ̀ka, òun náà sì há tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin náà ń kọjá lọ, téèpù lọ́rùn, ó gbójú sókè. Ó rẹwà débi pé oòrùn fẹ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹyẹ ni yín àbí ọ̀bọ?"

"Ẹyẹ mi ló sá, mo wá mú un relé."

Ẹ̀rín tí ọmọ náà bú sí ló mú Aláriwo jábọ́. Aṣọ ìyẹ́ bàálù ti ya, aránṣọ sì bá a rán an, eṣinṣin gan-an ò lè rí ojú rírán. Láàárín oṣù méjì, ìyẹ́ náà ya nígbà mọ́kànlélógún. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni igi jẹ̀bi.

"Abẹ́rẹ́ Wúrà," Aláriwo fi orúkọ tó sọ aránṣọ náà pè é, "wá wò mí ní pápá."

Bàbá arúgbó tó ń kọ́ Aláriwo bí wọ́n ṣe ń darí bàálù ti kìlọ̀ títí: "Má fò kọjá ìlà funfun, má fò lórí èèyàn. Bí bàálù bá kọjú sí ẹ, ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì tìrẹ nìyẹn." Aláriwo mọ̀ ọ́n lórí ju orúkọ ìyá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ kí Abẹ́rẹ́ Wúrà ké. Ó darí bàálù bọ̀ níbi tí ọmọ náà dúró sí, ó ní tó bá kù díẹ̀ kó kàn án òun á yà á kúrò. Ẹ̀rín ọmọ náà ló ń wò. Òsì ló yẹ kó tẹ̀. Ọ̀tún ló tẹ̀.

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bojú. Fáànù imú bàálù gé iṣan ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀. Ọgbẹ́ jinná, ìka ò ṣe é ká mọ́.

"Ìka tí ọmọ mi fi ń jẹun lo fi ṣeré," bàbá ọmọbìnrin náà sọ fún Aláriwo lẹ́nu ọ̀nà. "Má débí mọ́."

Aláriwo tí ohùn rẹ̀ ń jí àdúgbò mẹ́ta yọ́ lọ sílé. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi tún òfin kọ́ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ń dán rìmóòtù wò kó tó gbéra, ó ń dúró lẹ́yìn ìlà. Ẹni tó yẹ kó rí i ò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ dé pápá, ìyẹ́ bàálù kan lábíyá.

"Eruku ti fẹ́ pa ìyẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ojú ló ń tì mí."

"Èmi ni mo fi ìka san án, ẹ̀yin lẹ wá ń sá! Ọjọ́ kan péré ni mo fi bínú torí ìka. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi bínú torí ẹ ò wá."

"Dárí jì mí."

"Ẹ kọ́kọ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń darí bàálù ná."

Ó fi àtàǹpàkò àti ìka líle náà di ọ̀pá rìmóòtù mú. Bàálù yí po, ó kọjú sí wọn.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ọ̀tún ti di òsì."

"Ohun tẹ́ ẹ gbàgbé nìyẹn?"

"Òun ni."

Ó yà á kúrò jẹ́ẹ́, ó gbé e balẹ̀ sórí koríko. "Ó yá, ẹ lọ bá bàbá mi. Ẹ má dápàárá níbẹ̀ o."

Kò dá a. Ó sunkún débi pé bàbá fẹ́ lọ wá ọkọ̀ ojú omi.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Aláriwo ṣì ń pa àdúgbò lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, ó máa ń jókòó ti ìyàwó rẹ̀, á fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n á fi pé ogún. Iṣẹ́ tí ìka líle náà ò lè ṣe mọ́ nìyẹn.