Mo Fi Fèrè Kí I, Ó Ju Kọ́kọ́rọ́ Mi Sí Gọ́tà

Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rín músẹ́ ni ìfẹ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀, kó wá bá mi wo gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ojú pópó. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ búrẹ́dì ni mo ń wá níbẹ̀, mo ká ṣòkòtò dé orúnkún. Obìnrin tó jù ú síbẹ̀ sì ti wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò pa eṣinṣin rí.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Níbi tí wọ́n bí mi sí, fèrè ni ẹnu ọkọ̀. Òun la fi ń kíra. Pín kan, ẹ káàárọ̀ nìyẹn. Pín-pín, ẹ ṣeun. Tó bá jẹ́ àgbà lo pàdé, wàá fà á gùn, píííín-pín, ìdọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí àgbà bá fi fèrè kí tí kò dáhùn, wọ́n á lọ bá ìyá rẹ̀ nílé pé ọmọ rẹ ti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Fèrè tèmi wá ńkọ́? Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, adìẹ á yé ẹyin ní abúlé kejì, adití á sì nawọ́ kí mi padà.

Nígbà tí mo dé ìlú tí mo wà yìí, tí mo ríṣẹ́ awakọ̀ sí ilé búrẹ́dì, ta ló sọ fún mi pé nǹkan yàtọ̀? Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná pupa dá wa dúró. Ọkọ̀ funfun kékeré kan wà níwájú mi, obìnrin ló ń wà á, ọrùn rẹ̀ gùn, ó dúró ṣánṣán. Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo kí i: pín.

Kò dáhùn.

Mo ní bóyá ó jù mí lọ dáadáa ni. Mo fún un ní ti àgbà: píííín-pín!

Ló bá bọ́ọ́lẹ̀. Ó ń bọ̀ wá síbi fèrèsé mi. Mo ti ń rẹ́rìn-ín dè é.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?" ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ ni mo—"

"Ṣé iná ò pupa lójú tìẹ ni? Àbí kí n fò kọjá lórí rẹ̀? Ta ló ń lé ọ bọ̀?"

"Ẹ má bínú, mo kàn ń—"

Ọwọ́ rẹ̀ ti wọlé. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó sì sọ ọ́ sí gọ́tà. "Kí o tó rí i, ara rẹ á ti balẹ̀."

Gbogbo èrò ojú títì bú sẹ́rìn-ín. Ajá kan tó ń kọjá lọ rẹ́rìn-ín, mo fojú ara mi rí i. Mo búra nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀: bí mi ò bá gbẹ̀san lára obìnrin yìí, kí wọ́n má pè mí lọ́mọ ìyá mi mọ́.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀gá mi ní ilé búrẹ́dì, ó ju ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"O fọn fèrè mọ́ èèyàn? Ṣé o fẹ́ kú ni? Níbí, ẹni tó bá fọn fèrè mọ́ ọ, ó ti gbá ọ létí nìyẹn. A kì í tẹ̀ ẹ́ àfi tí ikú bá dúró síwájú ọkọ̀."

"Ta wá ni obìnrin náà, sà?"

"Ọlọ́rùn gígùn? Tíṣà Ọkọ̀ nìyẹn. Òun ló ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọkọ̀ wíwà lẹ́yìn ilé epo. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó fìdí rẹmi rí."

Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Ta ni yóò kọ́kọ́ fìdí rẹmi? Èmi náà ni! Màá fìdí rẹmi débi pé orúkọ rẹ̀ á rà bí ẹja.

Mo fá irun, mo fá irùngbọ̀n, díẹ̀ ló kù kí n fá ìpéǹpéjú. Mo yá awò ojú onílé mi, èyí tó nípọn débi pé tí o bá fi wo èèrà, wàá sá fún un. Mo ń táràrà wọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ káàsán, mà. Mo fẹ́ kọ́ ọkọ̀. Mi ò fọwọ́ kan ọkọ̀ rí. Kẹ̀kẹ́ gan-an, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Ó wò mí. Ó wò mí títí. "Ó dáa," ló sọ. "Wọlé."

Ẹ wo ìyà tí mo fi jẹ ẹ́! Ó tọ́ka sí sítíárìn, ó bi mí pé kí ni mo dì mú yìí, mo ní abọ́ ni. Ó ní kí n yà sọ́tùn-ún, mo yà sínú dírọ́ọ̀mù. Mo ń tẹ bíréèkì débi pé orí rẹ̀ ń mì bí orí alángbá. Mo sáà ń dúró kó bínú kí n lè rẹ́rìn-ín sùn.

Kò bínú rárá. "Jẹ́jẹ́," ni yóò wí. "O ò tíì mọ ilẹ̀kùn ṣí. Jáde. Tún wọlé."

Mo jáde, mo wọlé. Mo jáde, mo wọlé, nínú oòrùn tó lè dín ẹyin lórí irun èèyàn. Nígbà tí ìyẹn tán, ó gbé korobá fún mi. "Ẹni tó máa wakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ara ọkọ̀. Fọ̀ ọ́." Mo fọ ọkọ̀ náà títí ọ̀dà rẹ̀ fi ń bẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n nǹkan burúkú kan ti ń ṣe mí. "Jẹ́jẹ́" tó ń wí yẹn ti ń wọ̀ mí lára bí omi tútù tí wọ́n dà sórí irin gbígbóná. Tó bá mu omi tán, yóò fi èyí tó kù lé mi lọ́wọ́ láìwo ojú mi, ife omi yẹn á sì dùn ju oyin lọ. Lọ́jọ́ kan, mo ká ara mi mọ́ iwájú dígí, mo ń fín lọ́fínńdà sọ́rùn. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń fín lọ́fínńdà lọ gbẹ̀san?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká wa mọ́ inú ọkọ̀. Ó rọ̀ bíi pé ẹnì kan da odò kan délẹ̀ lójú ọ̀run. Ọkọ̀ dúró.

"Oníbúrẹ́dì," ló sọ lójijì, "bọ́ awò yẹn kí o tó fọ́jú."

Ọkàn mi já sínú bàtà. "Ẹ ti... láti ìgbà wo?"

"Láti 'ẹ káàsán, mà' tí o kọ́kọ́ wí. Ta ló tún lóhùn bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà lókè odò?"

"Kí ló dé tí ẹ ò lé mi?"

"Kí n lé ọ? Ta ni yóò máa fọ ọkọ̀ mi?" Ẹ̀rín rẹ̀ bú jáde, tèmi náà tẹ̀lé e. A rẹ́rìn-ín débi pé dígí ọkọ̀ kún fún èémí. Àṣé bí mo ṣe ń gbẹ̀san lòun náà ń gbẹ̀san!

Mo wá ṣàlàyé fún un, pé kíkí ni mo kí i lọ́jọ́ yẹn, pé èkejì gan-an, ìdọ̀bálẹ̀ ni.

"O dọ̀bálẹ̀ fún mi," ó ní, "mo wá ju kọ́kọ́rọ́ rẹ sí gọ́tà."

"Nínú ẹrẹ̀."

"Ó dáa. Màá san án padà." Ó kọjú sí mi. "Àwọn ìjọba ń bọ̀ wá yẹ ilé ẹ̀kọ́ wa wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n máa dán wò. Tó bá ṣàṣìṣe, wọ́n á tì wá pa. Bàbá mi ló dá ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, ojú rẹ̀ ò ríran wakọ̀ mọ́, ilé ẹ̀kọ́ yìí nìkan ló kù tó fi ń yangàn. Ìwọ ni màá fà kalẹ̀."

"Èmi? Ẹ mọ̀ pé mo búra láti gbẹ̀san?"

"Mo mọ̀, kí ló tún gbé ọ wá síbí? Mo ju kọ́kọ́rọ́ tìẹ nù, mo wá fi tèmi lé ọ lọ́wọ́. Tí o bá máa gbẹ̀san, ọjọ́ yẹn ni. Tí o bá sì nífẹ̀ẹ́ mi bí ojú rẹ ṣe ń wí, ọjọ́ yẹn náà ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń ṣe báyìí sí ọmọ ènìyàn? Mo pe Màámi lórí fóònù pé mo ti rí ẹni tí mo máa fẹ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, inú mi kò tíì tutù. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ajá yẹn ṣì ń dún létí mi. Mo pinnu pé bí ọ̀gá ìdánwò bá ti jókòó, màá tẹ fèrè láti ilé epo títí dé òpin ayé, lẹ́yìn náà màá wá bẹ̀ ẹ́. Àbí ìfẹ́ kì í gba ẹ̀bẹ̀?

Ọ̀gá ìdánwò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Tíṣà jókòó sẹ́yìn. Mo ṣíná, a gbéra. Mo wo dígí: ó ti di ojú méjèèjì pọ̀, ó ń gbàdúrà. Ọwọ́ tí mo gbé láti tẹ fèrè wúwo bíi pé erin jókòó lé e. Mo gbé e padà sáyè rẹ̀. Mo ní ó tán, mo ti dárí jì í.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán. Píííín-pín!

Fèrè ilé wa nìyẹn. Àbúrò Màámi ló ń wa ọkọ̀ bọ̀, Màámi yọrí síta, wọ́n ń fi ìborùn wọn júwọ́ sí ọmọ wọn, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Píííín-pín! Wọ́n ń dúró kí n dáhùn.

Mo di abọ́ yẹn mú. Mo tẹjú mọ́ iwájú. Mo kọjá lára ìyá tó bí mi bí ẹni kọjá lára òpó iná.

"Ta ni àwọn aláriwo yẹn?" ọ̀gá ìdánwò béèrè.

"Mi ò mọ̀ wọ́n, sà," ni mo wí.

A yege. Bàbá Tíṣà fọwọ́ pa ojú mi níwájú ilé ẹ̀kọ́, ó ní kí òun lè mọ bí àna òun ṣe rí. Àmọ́ èmi àti ọmọ rẹ̀ ò dúró jẹun. Ilé mi la sá lọ.

Màámi jókòó sórí báàgì wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni," wọ́n ní, "ẹ bá mi wá ọmọ mi. Ó jọ yín díẹ̀, ṣùgbọ́n òun máa ń kí èèyàn."

"Màámi, ẹ dákun—"

"Ṣé o ò gbọ́ fèrè ni?"

"Mo gbọ́, mà."

"O gbọ́! Àbúrò mi, ó gbọ́! Kí lo wá sọ fún ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ pé mo jẹ́?"

Tíṣà ló kúnlẹ̀, irọ́ ò sì mọ́ ọn lẹ́nu. "Màmá, ó ní òun ò mọ̀ yín. Nítorí mi ni. Tó bá dáhùn yín, ilé bàbá mi ti tú. Ẹ bá mi wí, ẹ fi í sílẹ̀."

Màámi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ ni ìyàwó?"

"Tí ẹ bá gbà, mà."

"Mi ò lè kọ̀ ọ́, ọmọ tó ń sọ òtítọ́ ṣọ̀wọ́n. Ẹ fẹ́ra yín. Ṣùgbọ́n màá gbẹ̀san. Mi ò ní pariwo, mi ò ní jà, mi ò sì ní sọ ọjọ́." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. "Omi dà?"

Ìpayà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá! Bí Màámi bá se oúnjẹ, mo ń jẹ́ kí ológbò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, oorun á dá lójú mi. Tíṣà á ní, "Ìfẹ́ mi, bóyá wọ́n ti gbàgbé." Màá ní, "Màámi? Wọ́n ṣì ń bínú sí òjò tó pa aṣọ wọn kí wọ́n tó bí mi."

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Gbọ̀ngàn kún. Ìyàwó mi rẹwà débi pé àwọn àbẹ́là tijú, wọ́n kú fúnra wọn. A kúnlẹ̀ láti gba àdúrà lẹ́nu òbí. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ lé wa lórí, ó súre, gbogbo ilé ní àmín. Ó wá kan Màámi.

Màámi dìde. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń yan. Wọ́n dé iwájú wa. Mo nawọ́ sí wọn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ká aṣọ wọn kó má kàn wá, wọ́n sì kọjá bí ẹni kọjá lára àga.

"Màmá, ọmọ yín nìyí o!" ẹnì kan pariwo.

"Mi ò mọ̀ wọ́n, sà," Màámi dáhùn, wọ́n sì ń lọ.

Mo gbọ́ nígbà tí eṣinṣin kan mí. Màámi dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Omi bọ́ lójú mi. Ọwọ́ ìyàwó mi tutù nínú tèmi bí ẹja. Mo wí nínú ara mi pé: báyìí ló ṣe rí lára wọn lọ́jọ́ yẹn, nínú ọkọ̀, tí ìborùn wọn ń fò nínú afẹ́fẹ́ lásán.

Wọ́n yí padà. Wọ́n ń sáré bọ̀ báyìí, ìgbéraga ti já bọ́ lójú wọn, ẹkún ló kù. Wọ́n gbá àwa méjèèjì mọ́ àyà.

"Ó dùn ẹ́ àbí kò dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí, Màámi."

"Ìyẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ máa bímọ, ẹ máa lówó, kí ẹ má ríjà ara yín. Ẹ dìde, ẹ̀san mi ti pé."

Gbogbo ilé hó yèè. Ìyàwó mi nu ojú rẹ̀, ó sún mọ́ etí mi, ó ní, "Ọkọ mi, irú ìdílé yìí ni mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti dáyé."