Táyà Tí Asùnfọnfọn Fẹ́ràn

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Tojúbọ̀. Ó ń tojú bọ inú ìkòkò. Ó ń tojú bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ibi tí kì í tojú bọ̀.

Tojúbọ̀ ní ológbò kan. Asùnfọnfọn lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ológbò yìí mọ̀, oorun ni.

Ilé wọn ní ọkọ̀ kan, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé. Bàbá Tojúbọ̀ fẹ́ràn ọkọ̀ yìí bí ẹyin ojú. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ bá ti dé àgbàlá, á wọ inú rẹ̀, á gbá bíréèkì ọwọ́ mú, á fà á sókè.

Kẹrẹrẹrẹ-kẹ́!

Bíréèkì ọwọ́ ni irin gígùn tó wà láàárín àga iwájú méjèèjì. Bí a bá fà á sókè, ọkọ̀ ò ní lè yí lọ. Kéèyàn fà á díẹ̀ ti tó.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àbúrò Bàbá yí wọ gọ́tà lọ́jọ́ kan. Látọjọ́ náà ni Bàbá ti ń fa bíréèkì tirẹ̀ bí ẹni ń fa màlúù aláìgbọràn. Bẹ́ẹ̀ àgbàlá wọn tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò sí gọ́tà níbẹ̀. Ẹ bá mi bi í, kí ló ń sá fún?

Kẹrẹrẹrẹ-kẹ́!

Télọ̀ ni Ìyá Tojúbọ̀. Ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Láràárọ̀, á gbé Tojúbọ̀ lọ sílé ìwé, á sì kó aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Á máa kọrin bó ti ń wakọ̀ lọ. Tojúbọ̀ á máa gbè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège.

Jìgìjìgì, jìgìjìgì, ọkọ̀ ń gbọ̀n.
Wọ́ọ́, wọ́ọ́, ọkọ̀ ń wọ́.

Ìyá tẹná. Ọkọ̀ ké, kò sáré. Bàbá arúgbó kan ń gun kẹ̀kẹ́ lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó yà wọ́n sílẹ̀, ó tún juwọ́ sí wọn.

Nígbà tí Bàbá tibi iṣẹ́ dé, Ìyá sọ fún un. Ó rò pé wọn á jọ wá ojútùú sí i ni. Bàbá wo ọkọ̀. Ó wo Ìyá. Tojúbọ̀ dúró láàárín wọn.

"Ìwọ lo ba ọkọ̀ mi jẹ́," ni Bàbá wí. "Kó o tó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ṣé ó gbọ̀n rí?"

Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ìyá. Ó jù ú sápò ṣòkòtò. Ó ní Ìyá ò ní wa ọkọ̀ náà mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin ọmọ, inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ìyá wọlé, ó jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Kò rán nǹkan kan. Ó kàn jókòó ni.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Ìyá ru àpò aṣọ. Tojúbọ̀ gbé báàgì ìwé rẹ̀ kọ́. Ọ̀nà ibi iṣẹ́ Bàbá yàtọ̀ sí tiwọn, ó sì ti wakọ̀ lọ.

Òjò dé. Wàà, wàà, wàà! Aṣọ oníbàárà rin gbingbin. Omi wọ bàtà Tojúbọ̀, ó ń dún fọ̀ṣọ̀-fọ̀ṣọ̀.

Tojúbọ̀ dá orin inú ọkọ̀ sílẹ̀, kínú Ìyá lè dùn. Ìyá ò gbè é. Ó ń dun ọmọ náà gan-an.

Báyìí, Bàbá nìkan ló ń wa ọkọ̀. Ṣé ọkọ̀ wá dẹ́kun gbígbọ̀n? Ẹ gbọ́ ọ:

Jìgìjìgì, jìgìjìgì, ọkọ̀ ń gbọ̀n.
Wọ́ọ́, wọ́ọ́, ọkọ̀ ń wọ́.

Tojúbọ̀ tojú bọ̀ ọ́. Ó ní Ìyá òun ò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́, ta ló wá ń mì ín? Bàbá ní Ìyá ti bà á jẹ́ tán kó tó fi í sílẹ̀ ni. Ó ní kí ọmọdé yé dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Bàbá pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ṣí iwájú ọkọ̀, ó kó orí bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó bèèrè ẹni tó ń wà á tẹ́lẹ̀. Bàbá ní ìyàwó òun ni. Mẹkáníìkì mi orí, ó ní ó ti yé òun.

Kí ló yé e? Kò sí nǹkan kan tó yé e.

Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Jìgìjìgì, jìgìjìgì!
Ó pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́ọ́, wọ́ọ́, wọ́ọ́!

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá wakọ̀ wọlé. Kẹrẹrẹrẹ-kẹ́! Ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀kan sí i. Tojúbọ̀ ń wá Asùnfọnfọn kiri. Kò sí lórí àga. Kò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tojúbọ̀ tojú bọ abẹ́ ọkọ̀.

Asùnfọnfọn rèé. Ó fẹ̀yìn ti táyà ẹ̀yìn kan, ó ń hanrun.

Ibẹ̀ náà ló sùn lánàá. Ibẹ̀ náà ló sùn níjẹta. Tojúbọ̀ mọ̀ pé ibi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ológbò máa ń sùn. Ṣùgbọ́n táyà mẹ́rin ni ọkọ̀ ní. Kí ló dé tó jẹ́ ẹyọ kan yìí ló fẹ́ràn?

Ó gbé Asùnfọnfọn lọ sídìí táyà mìíràn. "Ńyàáù," ni Asùnfọnfọn wí. Ó dìde, ó padà sídìí táyà rẹ̀.

Tojúbọ̀ na àtẹ́lẹwọ́ sí táyà iwájú. Kò fọwọ́ kàn án o, ó kàn nà án sí i ni. Kò gbóná. Ó na ọwọ́ sí ìkejì. Kò gbóná. Ó na ọwọ́ sí ìkẹta. Òun náà ò gbóná.

Ó na ọwọ́ sí ti Asùnfọnfọn. Ooru kọ lù ú lọ́wọ́ fàù! Ó gbọ́ òórùn kan, bí ìgbà tí wọ́n bá gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá.

Ó sáré lọ sọ fún Bàbá. Bàbá ní ológbò ò mọ ọkọ̀ tún ṣe.

Ó sáré lọ bá Ìyá. Ìyá dìde nídìí maṣíìnì. Ó jáde, ó na ọwọ́, ó gbóòórùn. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, Ìyá ò jẹ́ kó ṣí iwájú ọkọ̀ rárá.

"Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè," ni Ìyá wí.

Mẹkáníìkì wo Bàbá. Ó bá ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ó ní kí Bàbá sọ bíréèkì ọwọ́ kalẹ̀. Bàbá sọ ọ́ kalẹ̀.

Mẹkáníìkì ti táyà kan. Fìrìrìrì, ó ń yí.

Ó ti táyà tí Asùnfọnfọn fẹ́ràn. Gbagidi. Kò yí. Ó fi gbogbo ara tì í. Gbagidi!

Mẹkáníìkì yọ táyà náà, ó wo inú rẹ̀. Ó ní wáyà bíréèkì ọwọ́ ti há. Bí wọ́n bá tiẹ̀ sọ bíréèkì kalẹ̀, wáyà náà kì í padà. Ọkọ̀ fẹ́ lọ, táyà kan ò gbà fún un. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́.

Ó ní fífà tí wọ́n ń fà á ní àfàjù ló fà á. Ó wá bèèrè ẹni tó ń fà á báyẹn.

Tojúbọ̀ wo Bàbá. Ìyá wo Bàbá. Asùnfọnfọn pàápàá la ojú kan.

Mẹkáníìkì tún un ṣe, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ sórí maṣíìnì Ìyá, ó fẹ́ yọ́ lọ. Ìyá ò fọwọ́ kàn án.

"Ojú ọmọ yìí lẹ ti sọ pé mo ba ọkọ̀ jẹ́," ni Ìyá wí.

Bàbá dúró. Ó họ orí. Ó yíjú sí Tojúbọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé ìyá rẹ̀ kọ́ ló ba ọkọ̀ jẹ́.

"Èmi ti mọ̀, Bàbá mi," ni Tojúbọ̀ wí. "Ìyá mi lẹ máa sọ fún."

Bàbá yíjú sí Ìyá.

"Ìyá Tojúbọ̀, ìwọ kọ́ lo bà á jẹ́," ni Bàbá wí. "Èmi ni. Má bínú."

Ìyá ní òun ti gbọ́. Kò ní kò burú, torí pé ó burú. Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá tẹná. Vùùùù! Kò sí jìgìjìgì, kò sí wọ́ọ́-wọ́ọ́. Bàbá arúgbó oníkẹ̀kẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, Tojúbọ̀ juwọ́ sí i. Ìyá dá orin sílẹ̀. Tojúbọ̀ gbè é títí wọ́n fi dé ilé ìwé.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá wakọ̀ wọ àgbàlá. Ó fa bíréèkì ọwọ́. Kẹ́. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Asùnfọnfọn rìn lọ sídìí táyà rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Kò gbóná mọ́. Ológbò náà bojú wo gbogbo wọn bí ẹni tí wọ́n jí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gbé.

Bàbá nìkan ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Asùnfọnfọn gun itan rẹ̀, ó ká jọ, ó sì sùn fọnfọn. Bàbá ò lè dìde. Kò tilẹ̀ lè yí ẹsẹ̀ padà. Táyà tuntun dé.

Ìyá rí i, ó rẹ́rìn-ín.

Díẹ̀ ni o. Ẹ má bá mi fi kún un.