Tìróò Ojú Ìyá Àgbà

"Má fọwọ́ kan gíláàsì yẹn o! Jẹ́ kí eérú yẹn fúnra rẹ̀ tutù. Lẹ́yìn náà, yọ ọ́, fi iyanrìn dán an, lẹ̀ ẹ́, kó o tó lọ wo ọdún."

Ohun tí Páṣédù sọ fún Tábẹ́sì, ọmọbìnrin rẹ̀, nìyẹn kó tó lọ pe àwọn tí yóò gbé pósí. Pósí ìyá Páṣédù ni, ìyá àgbà tó tọ́ Tábẹ́sì dàgbà. Wọ́n ti gbẹ́ ojú ìyá sára ìdérí rẹ̀, ojú náà sì rẹwà, àmọ́ kò tíì ríran. Àfi tí wọ́n bá to gíláàsì aláwọ̀ aró yí ojú méjèèjì ká bíi tìróò ni òkú tó lè rí ọ̀nà ọ̀run. Ti ọ̀tún ti wà níbẹ̀. Ti òsì ń sinmi nínú eérú gbígbóná kó lè tutù díẹ̀díẹ̀, kó má bàa là; òun nìkan sì ni aró tó kù nílé.

Rẹ́npẹ́tì ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọjú. "Ọkọ̀ ọdún òrìṣà Bástẹ́tì fẹ́ ṣí! Ṣé wàá máa sàba lórí eérú bí adìyẹ ni?"

Orin ń bọ̀ láti orí odò Náílì. Ọkàn ọmọ náà ti bá a lọ. Ló bá wa eérú. Gíláàsì náà yọ, ó ń dán gbinrin. Atẹ́gùn kàn án báyìí, kẹ́! Ó là sí méjì.

"Yéè! Mo gbé!"

"Fi oje igi lẹ̀ ẹ́ jàre," ni Rẹ́npẹ́tì wí. "Ta ló máa mọ̀?"

Ó sì lẹ̀ ẹ́, ó fi sójú òsì pósí, wọ́n bá sáré lọ wọkọ̀.

Nínú ọkọ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, omi ń mì wọ́n jẹ́jẹ́, oòrùn sì rọra mú kí oorun kun Tábẹ́sì. Lójú àlá, ó rí ìyá àgbà láàárín koríko etídò, tó ń fọwọ́ wá ọ̀nà. "Tábẹ́sì, ṣé ìwọ ni? Mi ò rí ọ dáadáa, ọmọ mi." Ìyá ò bínú rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn ún wọra.

"Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ n sọ̀ kalẹ̀!" ló fi ta jí.

Ó sáré délé, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, mo kánjú yọ ọ́, ó là. Mo wá fi oje igi bò ó."

Páṣédù gbé gíláàsì náà sókè wò. "À bá tún un yọ́, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọ̀la là ń sìnkú. Gíláàsì aláwọ̀ ewé nìkan ló kù. Bu iyanrìn wá, kó o fi máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi bá ojú náà mu."

Ó lọ̀ ọ́ títí ìka rẹ̀ fi bó.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, obìnrin kan fi ìyá ṣẹ̀sín: "Ẹ wojú! Ọ̀kan aró, ọ̀kan ewé!" Tábẹ́sì bú sẹ́kún. Bàbá fà á mọ́ra.

"Ó ríran, ọmọ mi. Nígbàkígbà tó bá wò wá, yóò mọ ẹni tó kánjú, yóò sì mọ ẹni tó padà wá."

Ẹ̀yin ọmọ, àṣìṣe tá a jẹ́wọ́ lè fi àpá sílẹ̀, kò burú. Èyí tá a bò mọ́lẹ̀ ló ń fọ́ni lójú.