Ìlà Tí Ayọ̀mípọ̀sí Fò

"Kí ló wí?" Bàbá Olútìmẹ́hìn béèrè, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ ta ọmọ ọmọ rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́.

Ayọ̀mípọ̀sí ò tíì dáhùn. Fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Inú yàrá kékeré kan ni wọ́n jókòó sí ní ilé ìwòsàn ńlá l'Ákùúrẹ́, Dókítà Success sì ń dúró dè é kó túmọ̀ ohun tí òun sọ. Ọmọ Ẹ̀dó ni dókítà yìí, èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n Yorùbá tirẹ̀ kò kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ pẹ̀lẹ́". Bàbá, ọmọ àdúgbò Aládé ní Ìdànrè, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọmọlará, ọmọ Bàbá tó bí Ayọ̀mípọ̀sí, tóun náà bá wọn wá, kò kàwé jìnnà. Bí ọ̀rọ̀ ńlá ṣe já lé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún léjìká nìyẹn.

Ọmọ náà gbọ́n, ẹ má rò pé kò gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ń gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ rẹ̀ nínú bàọ́lọ́jì ní kíláàsì wọn. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta ló ti ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Ofosu. Bàbá kì í pe orúkọ rẹ̀ níwájú àlejò, "dókítà mi" ló máa ń pè é. Bí a bá sì fún baba yìí ní ẹran méjì lórí oúnjẹ, ọ̀kan ti di ti Ayọ̀ nìyẹn.

Ó túmọ̀ apá àkọ́kọ́ dáadáa: jẹjẹrẹ wà nínú próstéètì Bàbá, ẹran kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ó ṣì wà lójú kan. Iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Ṣùgbọ́n ìlà tó tẹ̀ lé e sọ pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìtọ̀ lè máa jò fúnra rẹ̀ fún oṣù díẹ̀, àti pé ti àwọn mìíràn kì í dáwọ́ dúró tán.

Ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti wúwo. Bàbá ni ó ń ṣáájú àdúrà ní ìjọ aláṣọ funfun wọn. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń wọ sùtánà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fọ̀ ọ́; àbàwọ́n tó mọ bí ẹ̀wà, kò ní wọ̀ ọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ayọ̀ mọ̀ pé bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yìí, ilé ni yóò gbà lọ, àìsàn náà yóò sì pa á. Ó fò ó.

"Ó ní ó máa rẹ̀ yín díẹ̀, lẹ́yìn náà ara yín á yá."

"Ó tán?"

"Ó tán, Bàbá."

Ó tún ku ọ̀kan. Dókítà ní àwọn ń ṣe ìwádìí kan lórí ohun tí wọ́n ń pè ní DNA methylation. Àwọn fẹ́ tọrọ díẹ̀ nínú ẹran tí wọ́n bá gé, àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ìwádìí náà kò ní wo Bàbá sàn, Bàbá sì lè sọ pé òun ò ṣe. Ayọ̀ sọ fún Bàbá pé wọ́n á fi mọ oògùn tó bá a mu ni.

Bàbá tẹ àtàǹpàkò síbi méjèèjì. "Ohun tí Ayọ̀ bá ti kà, mo ti kà á nìyẹn."

"Ṣé o sọ gbogbo rẹ̀ fún un?" dókítà bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Ayọ̀ kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Nọ́ọ̀sì Hàfsátù, ọmọ Ìlọrin, wá sídìí ibùsùn Bàbá.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ tó máa ń jò yẹn kó yín láyà sókè o. A máa kọ́ yín ní ohun tí ẹ máa ṣe sí i."

"Ìtọ̀ wo?"

Nọ́ọ̀sì wo Ayọ̀. Bàbá náà wò ó. Ayọ̀ ń wo ilẹ̀. Hàfsátù fa àga, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé ohun gbogbo fún Bàbá láìkánjú. Bàbá ò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Ó bọ́ aṣọ ilé ìwòsàn, ó wọ bùbá rẹ̀, ó ní kí Ọmọlará kó ẹrù, ó di ilé. Dókítà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò lè ṣèlérí pé ibi tí àìsàn náà wà lónìí ló máa wà tó bá pẹ́. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Odidi ọjọ́ mẹ́ta, kò pe Ayọ̀ ní dókítà mi. Ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n "Ayọ̀mípọ̀sí" ló ń pè é, bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ní kíláàsì. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún, Bàbá ní, "Mi ò bínú pé ẹ̀rù bà ọ́. Ẹ̀rù ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ara mi ni wọ́n fẹ́ là, o sì ṣe mí bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi sùgà bo oògùn fún. Ìyẹn ló dùn mí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ayọ̀ dé egungun. Ní ọjọ́ kẹrin, ó mú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n fún wọn lọ bá Bàbá níbi tó ti ń tú kòkó tó sá sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí ẹ ní ẹ ò ṣe, mi ò ní yọ yín lẹ́nu."

Ó ṣòro fún un láti sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ láyé bíi kí Bàbá yè. Ó ka ti ẹ̀jẹ̀, ó ka ti ìtọ̀. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti ìyàwó, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Kà á sókè. Ìyá rẹ àgbà ti lọ sọ́run, ta ló máa bi mí?"

Ayọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

"Ìwádìí ọ̀hún ń kọ́?"

"Kò ní wò yín sàn. Irọ́ ni mo pa." Ó ronú díẹ̀. "Bàbá, orin inú ìwé orin yín kì í yí padà, àbí? Nọ́ńbà tí ẹ bá kọ sára pátákó ní Sọ́ńdè ló ń sọ èyí tí ìjọ máa kọ. Bẹ́ẹ̀ ni DNA tí a bí mọ́ wa ṣe rí. Àwọn àmì kékeré tí wọ́n ń pè ní methylation ló ń sọ fún apá kan pé kó ṣiṣẹ́, fún apá kan pé kó dákẹ́. Nígbà míì, àmì á lọ jókòó síbi tí kò yẹ, á pa apá tó ń ṣọ́ ara lẹ́nu mọ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àmì yẹn lè fi hàn wọ́n ẹni tí àìsàn náà máa padà wá bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ."

"Ta ló wá kọ nọ́ńbà tèmi bẹ́ẹ̀? Ṣé oògùn kòkó tí mo ń fín láti kékeré ni?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ìwé náà ò sọ."

Bàbá mi orí. "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí o máa sọ fún mi pé o ò mọ nǹkan."

Ó tú kòkó náà títí ó fi dé òpin àpáta kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní àìsàn ìtọ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n òun Olúbáyọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ohun tó ṣe é títí di òní. "Kí wọ́n mú ẹran náà. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ẹlòmíràn ló máa jàǹfààní rẹ̀, ó dára. Ní ti ìtọ̀, màá wá nǹkan wọ̀ sábẹ́ aṣọ. Ọlọ́run tó dá àpò ìtọ̀ kò ní lé mi jáde nílé rẹ̀."

Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ààyè Bàbá fún ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi dúró. Ojoojúmọ́ ni Ayọ̀ ń fojú wọn ara Bàbá, tó ń bi ara rẹ̀ bóyá àìsàn náà ti ń rìn, bóyá irọ́ òun ló fún un láyè. Ayọ̀ fúnra rẹ̀ rù. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, Dókítà Success ní jẹjẹrẹ ọ̀hún ti dé etí ibi tó wà, ṣùgbọ́n kò tíì jáde. Ayọ̀ túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àti "ti dé etí", àti "kò tíì jáde".

Ìtọ̀ jò lóòótọ́. Bàbá bínú sí i, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n lọ fún àyẹ̀wò l'Ákùúrẹ́. Baba kan tó ń jẹ́ Àjàgbé, tó ń bá wọn ṣe oko kòkó ní Ìdànrè, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó di fọ́ọ̀mù kan mú, ó ní òun ò ní tẹ nǹkan kan sí ohun tí òun ò mọ̀.

"Fún dókítà mi kó kà á fún ọ," Bàbá Olútìmẹ́hìn ní.

Inú Ayọ̀ dùn débi pé kò mọ ibi tó máa wò. Àjàgbé wò ó tìfura-tìfura. "Ọmọdé yìí? Ṣé kò ní fi nǹkan pamọ́ fún mi?"

"Ó ti purọ́ fún mi rí," Bàbá dá a lóhùn, "ó sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e ju ẹni tí mi ò tíì mọ inú rẹ̀ lọ."

Ayọ̀mípọ̀sí gba fọ́ọ̀mù náà. Ó ti mọ̀ báyìí pé bí a bá fẹ́ràn ènìyàn, kì í ṣe tiwa láti bá a gé òtítọ́ kù. Tiwa ni láti jókòó tì í nígbà tó bá ń gbọ́ ọ. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ Àjàgbé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.