Bàtà Kan Ṣẹ́kù Lórí Àtẹ̀gùn

Wọ́n ti ń wọ́ Nang Mo, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà, sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí Sájẹ́ńtì Thongkham dé. Ẹsẹ̀ lásán ni obìnrin náà wà. Ọṣẹ ìfọṣọ ṣì ń hó ní apá rẹ̀. Ọlọ́pàá méjì dì í mú bí ẹni di àpò ìrẹsì mú.

"Kí ló ṣe?" ni Thongkham bèèrè.

"Ó jalè, sà. Kọ̀ǹpútà àti ìwé ìrìnnà òyìnbó òkè yìí. Ajẹ́ńtì ilé ní òun rí i tó gbé àpò. Ẹ̀yà Shan ni, láti òdìkejì ẹnubodè, kò ní ìwé gidi. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, a ó dá a padà sí ẹnubodè."

Nang Mo kò pariwo. "Bàbá," ló wí, "ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá mi padà. Wọ́n ti jó abúlé wa. Kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀."

Thongkham bọ́ bàtà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó wọlé.

Inú ògiri àtijọ́ Chiang Mai ni ilé Màmá Buakiao wà. Àlejò mẹ́rin ló háyà yàrá níbẹ̀, nítorí ilé kò wọ́n. Iléeṣẹ́ òkè òkun ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà, àwọn ọ̀gá wọn kì í sì í jí lọ́hùn-ún títí ilẹ̀ á fi ṣú ní Chiang Mai. Wọ́n á ṣiṣẹ́ mọ́jú, wọ́n á sì sùn títí oòrùn á fi yẹ àtàrí. Ẹni tó bá mọ ìṣe wọn mọ̀ pé ọ̀sán gan-an ni òru ilé náà.

Ọ̀sán ni olè wọlé. Halina, ọmọ Póláǹdì, ń sùn. Fèrèsé ẹ̀yìn ló gbá gbàmù tí ó fi lajú. Kò rí ẹnikẹ́ni.

"Kí ló dé tí olè fi gba fèrèsé?" ni Thongkham bèèrè.

"Èmi ni mo dí ọ̀nà mọ́ ọn, Sájẹ́ńtì," ni Màmá Buakiao dáhùn. "Mo ti ọjà dé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú, mò ń bó àlùbọ́sà. Bó bá gba iwájú, àfi kó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀."

Thongkham yọjú lójú fèrèsé. Ipasẹ̀ kan wà nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀: ẹsẹ̀ lásán, gbọọrọ, àwọn ìka rẹ̀ ya síra. Ẹsẹ̀ Nang Mo kò tó ìdajì rẹ̀.

"Ó lẹ́nìkejì nìyẹn, sà," ni ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá wí. "Kó dárúkọ rẹ̀, àbí kó máa lọ."

Thongkham padà síwájú ilé. Bàtà kún àtẹ̀gùn bí ti ẹnu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì. "Kí oníkálùkù wọ tirẹ̀," ló wí. Àwọn àlejò wọ tiwọn. Màmá wọ tirẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá wọ tiwọn. Bàtà kan ṣẹ́kù: sálúbàtà awọ, ti ọkùnrin, tí wọ́n fi okùn ìpẹja rán ọ̀já ọ̀tún rẹ̀.

Halina wò ó. "Olè wo ló ń bọ́ bàtà kó tó jalè?"

"Ọmọ ilẹ̀ yìí. Kì í ṣe orí rẹ̀ ló bọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ìyá wa ń na ẹni tó bá wọ bàtà wọlé." Thongkham ṣí ojú ìwé. "Níbo ni ìwé ìrìnnà yín wà?"

"Lábẹ́ aṣọ òtútù, nínú àpótí."

"Ta ló mọ̀?"

"Kò sẹ́ni, àfi ọ̀gá Anuwat, ajẹ́ńtì wa. Òun ló bá mi gba òǹtẹ̀ tuntun kí n lè pẹ́ sí i ní ìlú. Ojú rẹ̀ ni mo fi ìwé náà síbẹ̀."

"Ṣé ẹ fẹ́ rìnrìn àjò ni?"

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àìsàn ìyá mi ti le."

"Anuwat mọ̀?"

"Mo sọ fún un. Ó ní kí n má tíì lọ."

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta wà ní pálọ̀ tó dára ju èyí tí olè gbé lọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Thongkham fi bébà wé sálúbàtà náà. Ó pe Anuwat lórí fóònù, ó parọ́ fún un pé obìnrin náà ti jẹ́wọ́, kó wá tọwọ́ bọ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ ẹnubodè ti wà ní àgbàlá àgọ́ ọlọ́pàá. Nang Mo ti wà nínú rẹ̀.

Anuwat dé pẹ̀lú ẹ̀wù funfun. Sálúbàtà awọ tuntun ló wọ̀, ó sì ń tiro díẹ̀. Ó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, ó tẹríba fún Màmá.

"Màmá, ẹ kú ìnira. Mo ti wí fún yín pé ẹ má gba àwọn ará Shan orí òkè yìí sílé. Ẹ gbé ẹja fún ológbò ṣọ́."

"Ológbò ilé mi kì í jẹ ẹja ẹlẹ́ja," ni Màmá wí. Ó gbé ìdì bébà kan, ó jáde.

Thongkham tẹ́ ìwé sílẹ̀. "Ẹ ní ẹ rí i?"

"Mo rí i. Ó gbé àpò gba ẹ̀yìn ilé."

"Níbo lẹ dúró sí?"

"Mò ń kọjá ni."

"Lẹ́yìn ilé? Kòtò ló wà níbẹ̀."

"Ó lè jẹ́ iwájú."

"Màmá ló wà níwájú. Kò rí yín."

Anuwat rẹ́rìn-ín. "Sájẹ́ńtì, ọjọ́ orí ti ń dà yín láàmú. Ẹni tó jalè ti jẹ́wọ́. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ẹ fọwọ́ síbí."

Ó fọwọ́ sí i. Fóònù rẹ̀ dún. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ bó ṣe ń jáde, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láìwo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wọlé bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀. Kò tiro mọ́.

"Ọ̀gá Anuwat," ni Thongkham pè é. "Ṣé bàtà yẹn kò fún yín?"

"Rárá, ó bá mi mu." Ó wolẹ̀. Ó rí okùn ìpẹja.

Màmá Buakiao dúró lórí àtẹ̀gùn àgọ́, ó fi ìka méjì gbé sálúbàtà tuntun dání. "Èyí ńkọ́, ọmọ mi? Ta lẹ fi í sílẹ̀ fún?"

Anuwat sá. Ó ta ọlọ́pàá tó wà ní géètì nù, ó fò gun alùpùpù rẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Ó jù ú sílẹ̀, ó kọrí sí odò tó yí ìlú ká. Díẹ̀ ló kù kó dé orí afárá. Ọ̀já ọ̀tún já. Ó fi àyà lulẹ̀. Kó tó dìde, ṣẹkẹṣẹkẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nítorí kí ni?" ni Thongkham bi í ní àgọ́.

"Òǹtẹ̀ yẹn."

"Kí ló ṣe é?"

"Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, rọ́bà ni. Bó bá gbé e dé pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á mọ̀."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Gbogbo ẹni tí mo bá wá ilé."

"Ìwé ìrìnnà dà?"

"Mo ti jó o."

"Kọ̀ǹpútà?"

"Ó wà nínú ìkòkò ìrẹsì ìyá mi." Ó gbórí sókè. "Ẹ má sọ fún un."

"Ó ti wà níta. Ó ń bèèrè yín."

Ọkọ̀ ẹnubodè ti ń kùn nígbà tí Thongkham ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀."

"Ṣé ọkọ̀ mìíràn ni, Bàbá?" ni Nang Mo bèèrè.

"O ò lọ ibì kankan."

Nang Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, kò sẹ́ni tó lé e. Nígbà tó délé, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú fún ìgbà pípẹ́. Nang Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó fọ ẹsẹ̀, ó wọ sílípáàsì rẹ̀.

"Aṣọ tí mo rẹ á ti máa rùn," ló wí.

Halina gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà. Ó bẹ Nang Mo pé kó má bínú. Kí àwọn aṣojú Póláǹdì tó fún Halina ní ìwé ìrìnnà mìíràn, wọ́n ti sin ìyá rẹ̀.

Sálúbàtà tuntun náà wà lórí àtẹ̀gùn àgọ́ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá gbé e.